Bí A Ṣe Lè Mú Ilé Òròmọdìyẹ Móoru Nígbà Ọyẹ́ Láìsí Ewu

Nígbà tí oṣù Bélú bá ń lọ sí òpin, tí àgbẹ̀ ti wú ẹ̀pà rẹ̀ tán, tí koríko ọ̀dàn sì ti gbẹ, ọyẹ́ a dé sí ìhà Òkè-Ògùn. Láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, láti Ìgbòho dé Kìṣí, ètè a máa bó, gìgísẹ̀ a máa là, kùrukùru a sì bo orí òkè mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó ní aṣọ òfì a fà á bora. Ẹni tí kò ní a ká jọ sí ẹ̀bá iná. Ṣùgbọ́n òròmọdìyẹ tí a pa ní àná kò ní aṣọ, kò sì tíì hu ìyẹ́. Bí a kò bá ṣe ìtọ́jú rẹ̀, òru kan ṣoṣo tó láti pa á.

Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra òròmọdìyẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta adìyẹ ẹlẹ́ran ní ọjọ́ Àjíǹde kò ní ṣàìrà á ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tàbí Èrèlé, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ fi ń dàgbà tó ọjà. Nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe máa ń wá iná sí ilé adìyẹ nígbà ọyẹ́. Níhìn-ín sì ni ewu méjì wà. Òtútù lè pa òròmọdìyẹ. Iná tí a dá láìlóye lè pa òròmọdìyẹ, kí ó jó ilé, kí ó sì pa onílé pẹ̀lú. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ ọ̀nà tí yóò fi yẹra fún méjèèjì.

OHUN TÍ ỌYẸ́ JẸ́

Ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn. Púpọ̀ nínú eruku tí ó ń gbé wá ni ó ń ti ibi ilẹ̀ kòtò kan ní orílẹ̀-èdè Chad tí a ń pè ní Bodélé, níbi tí adágún omi ńlá wà ní ayé àtijọ́. Nítorí pé kò sí ìkúùkù lójú ọ̀run àti pé afẹ́fẹ́ gbẹ, ooru tí ilẹ̀ gbà ní ọ̀sán kò rí ohun tí yóò dá a dúró ní òru. Ó ń bá ojú ọ̀run lọ. Bí ìkúùkù ti rí fún ilẹ̀ ni aṣọ rí fún ènìyàn: ẹni tí ó bá ká aṣọ kúrò lára ni òtútù yóò mú.

Nítorí èyí ni ọjọ́ kan náà fi ń ní ojú méjì. Ní ọ̀sán, ooru lè ju ìwọ̀n 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lè ti lọ sílẹ̀ kọjá 20. Ẹni tí ó bá bo ilé adìyẹ rẹ̀ pinpin nítorí òtútù òru, tí ó sì gbàgbé láti ṣí i ní ọ̀sán, yóò bá òròmọdìyẹ tí ooru ti pa. Ẹni tí ó bá ṣí i sílẹ̀ nítorí ooru ọ̀sán, tí ó sì sùn lọ, yóò bá èyí tí òtútù ti pa.

ÌDÍ TÍ ÒTÚTÙ FI Ń PA ÒRÒMỌDÌYẸ

Ara àgbà adìyẹ gbóná ju ti ènìyàn lọ. Ti ènìyàn tí ara rẹ̀ dá wà ní nǹkan bí 37. Ti adìyẹ ń lọ sí 41 tàbí 42. Ìyẹ́ rẹ̀ ni ó ń pa ooru náà mọ́. Òròmọdìyẹ ẹ̀wẹ̀, irun múlọ́múlọ́ lásán ni ó ní, ara rẹ̀ kò sì tíì mọ bí a ṣe ń dá ooru sílẹ̀ tó. Títí ìyẹ́ gidi yóò fi hù, ó ní láti rí ooru gbà láti ibòmíràn.

Bí kò bá rí i, kì í ṣe pé yóò kàn gbọ̀n lásán. Kò ní jẹun, kò ní mu omi. Lára pupa ẹyin tí ó kù nínú ikùn rẹ̀ ni yóò máa jẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí èyí bá tán, agbára rẹ̀ pin. Àwọn mìíràn a rọ́ jọ sí igun kan láti wá ooru lára ara wọn, àwọn tí ó wà lókè a tẹ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pa. Àgbẹ̀ a jí ní òwúrọ̀, a bá ogún òkú ní igun ilé, a sì rò pé àrùn ni ó wọlé tàbí pé ọ̀tá ni ó ṣe é. Òtútù ni.

ÀGBÀ ADÌYẸ KÒ NÍLÒ INÁ

Kí a tó sọ̀rọ̀ iná, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ń dá a fún. Adìyẹ tí ó ti hu ìyẹ́ tán kò nílò iná rárá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí omi ti ń di yìnyín nínú ìkòkò, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin àgbà adìyẹ kì í dá iná fún wọn. Ilé gbígbẹ, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ lu adìyẹ lára, tí òkè rẹ̀ sì ní ojú ihò tí ọ̀rinrin ń gbà jáde, ni wọ́n ń fún wọn, pẹ̀lú oúnjẹ tí ó tó. Àwọn tí ó sì fi gílóòbù gbígbóná kọ́ sókè nínú ilé adìyẹ níbẹ̀ ti rí ohun tí ojú ń rí: gílóòbù já bọ́ sórí koríko gbígbẹ, ilé adìyẹ jóná, nígbà mìíràn ilé ènìyàn pẹ̀lú.

Nítorí náà, fún àgbà adìyẹ nígbà ọyẹ́, kí a fi àpò tàbí ẹní bo ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ilé wọn. Kí a fún wọn ní igi tí wọn yóò wọ̀ sí, kí wọ́n má baà sùn sílẹ̀. Kí a sì fún wọn ní àgbàdo díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oúnjẹ inú òfun adìyẹ ni igi ìdáná rẹ̀ ní òru. Ó tó bẹ́ẹ̀.

ÈÉFÍN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Àṣà kan wà tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro ní gbogbo ayé. Ènìyàn a dá iná èédú sínú ìkòkò, a dúró kí ó pọ́n, kí èéfín rẹ̀ tán. A gbé e wọ inú yàrá, a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nítorí ọyẹ́, a sì sùn. Bí ó bá ní òròmọdìyẹ, a gbé wọn sí igun yàrá kan náà kí iná kan lè tó gbogbo wọn. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tí èéfín kò sí mọ́, ewu kò sí mọ́. Irọ́ ni.

Èédú tí ó pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín kankan, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ búburú kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ̀nù mónọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Bí a bá fà á símú, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ ni ohun pupa kan wà tí ń gbé afẹ́fẹ́ ìyè kiri ara. Afẹ́fẹ́ búburú yìí a sì gba ipò afẹ́fẹ́ ìyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó ń lẹ̀ mọ́ ohun pupa náà ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn ń mí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò dé ara.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì, àìlágbára ẹsẹ̀, àti oorun. Oorun yìí ni ó burú jù, nítorí ẹni tí ó ti sùn kò mọ̀ pé òun ń kú lọ. Afẹ́fẹ́ náà kò wúwo kí ó tòrò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í gòkè lọ pátápátá. Gbogbo yàrá ni ó ń kún. Ẹni tí ó sùn lórí ibùsùn àti ẹni tí ó sùn lórí ẹní kò yàtọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá pẹ̀lú ń tú u jáde. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ gbé e sí inú ilé tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé kí a lè tan gílóòbù fún adìyẹ.

Bí a bá bá ẹnìkan ní irú yàrá bẹ́ẹ̀, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí a gbé e jáde sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kíákíá, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àní bí ó tilẹ̀ sọ pé ara òun ti yá. Kí ẹni tí ń wọlé láti gbé e má ṣe pẹ́ nínú yàrá náà, kí òun náà má baà ṣubú.

Òfin kìíní nìyí: ibi tí iná èédú tàbí àtùpà òròmọdìyẹ bá wà, ènìyàn kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Òròmọdìyẹ ọgọ́rùn-ún kò tó ọmọ kan.

ÌYÁ ADÌYẸ NI INÁ TÍ Ó DÁRA JÙ

Fún ẹni tí òròmọdìyẹ rẹ̀ kò pọ̀, kò sí ìdáná kan tí ó tó àgbébọ̀ tí ń sàba. Kì í jó ilé, kì í mu epo, kì í rú èéfín. Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ni ooru wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, òun fúnra rẹ̀ sì mọ ìgbà tí yóò bò wọ́n àti ìgbà tí yóò kó wọn jáde. Ìyá kan lè bo òròmọdìyẹ mẹ́wàá sí méjìlá dáadáa nígbà ọyẹ́. Bí a bá ra òròmọdìyẹ díẹ̀ láti ọjà, a lè tì wọ́n sí abẹ́ àgbébọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹyin tirẹ̀. Ní òru ni kí a ṣe é, nínú òkùnkùn, kí ọjọ́ orí wọn sì sún mọ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a ṣọ́ ọ bóyá ó gbà wọ́n tàbí ó ń ṣá wọn.

Kí a há ìyá àti ọmọ mọ́ abẹ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ kìíní, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ti lè fẹ́ lù wọ́n, kí àṣá má baà rí wọn.

ÀPÓTÍ TÍ KÒ LO INÁ

Ọ̀nà kejì tí kò ní ewu ni àpótí ìbora. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí epo wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ ní Ethiopia sì ti lò ó fún òròmọdìyẹ. Ara àwọn òròmọdìyẹ fúnra wọn ni ó ń mú ooru wá. Iṣẹ́ àpótí ni láti má jẹ́ kí ó sá lọ.

Kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan àpótí tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì ní ìhà gbogbo. Nínú rẹ̀, kí a fi wáyà alájọrò ṣe òrùka tí òròmọdìyẹ yóò wà láàrin rẹ̀. Kí a ki koríko gbígbẹ tàbí òwú sí àárín wáyà àti pátákó. Ní òkè orí wọn, ní ìwọ̀n gíga tí wọn yóò fi lè dúró, kí a fi aṣọ kíjìpá àtijọ́ tí a fi òwú sí bo ó. Kí a lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó tó àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ní òkè, nítorí ohun tí ń mí kò gbọdọ̀ wà nínú ohun tí a dí pa. Àpótí bẹ́ẹ̀ gba òròmọdìyẹ ogún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní lè mú ara wọn móoru.

Ní òru tí ọyẹ́ bá le gan-an, kí a da omi gbígbóná sínú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì, kí a dé e dáadáa, kí a fi aṣọ wé e, kí a sì gbé e sí ẹ̀bá wọn. Kí a pààrọ̀ omi náà nígbà tí ó bá ti di lọ́wọ́ọ́wọ́.

BÍ Ó BÁ DI DANDAN KÍ A LO INÁ

Ẹni tí ó ní òròmọdìyẹ àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún lè ṣàì rí ìyá tàbí àpótí tí yóò tó wọn. Kí ó lo iná, ṣùgbọ́n kí ó pa ìlànà wọ̀nyí mọ́.

Ìkíní: kí ó jẹ́ ilé ọ̀tọ̀ tí ó jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn. Bí òrùlé rẹ̀ bá jẹ́ koríko bẹẹrẹ, a kò gbọdọ̀ dá iná níbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ti páànù ni kí a lò.

Ìkejì: kì í ṣe gbogbo ilé ni a ní láti mú móoru, òròmọdìyẹ nìkan ni. Kí a fi pálí tàbí páànù tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ṣe agbo róbótó yí wọn ká. Agbo tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tó òròmọdìyẹ àádọ́ta ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Nítorí pé agbo kò ní igun, wọn kò ní rí ibi tí wọn yóò rọ́ jọ sí láti tẹ ara wọn pa.

Ìkẹta: kí a bo ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá láti ilẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n kí a fi àlàfo tí ó tó ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀ ní òkè ògiri, ní ìhà méjèèjì. Bí ẹni tí ó wọlé bá rí i pé ojú ń ta òun, tàbí pé orí fẹ́ fọ́ òun, ilé náà ti dí jù.

Ìkẹrin: bí ó bá jẹ́ èédú, ìta ni kí a ti dá a títí yóò fi pọ́n. Kí a lo ìkòkò amọ̀ tí ó nípọn, kí a da iyanrìn sí ìdí rẹ̀, kí a gbé e ka orí bíríkì mẹ́ta. Kí alágbẹ̀dẹ ṣe agbo irin yí i ká, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, kí òròmọdìyẹ tàbí koríko má baà kàn án.

Ìkarùn-ún: bí ó bá jẹ́ àtùpà, wáyà ni kí a fi gbé e kọ́, kì í ṣe okùn, nítorí okùn ń jóná. Kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sí ìdọ̀tí tí ó wà nílẹ̀. Kí a gé òwú rẹ̀ kí ó má baà rú èéfín dúdú. Kí a kọ́kọ́ pa á, kí ó tutù, kí a tó bu epo sí i, ní ìta. Kẹrosínì tí bẹntiróòlù bá wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ń bú gbàmù bí ìbọn. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀ ni kí a ti rà á.

Ìkẹfà: kí garawa iyanrìn kan àti omi kan wà ní ẹnu ọ̀nà láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Kí a sì ro àyíká ilé náà títí koríko gbígbẹ kò fi ní sí ní ìtòsí. Àwọn àgbà wí pé, ènìyàn kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó dá iná sí ilé adìyẹ kò gbọdọ̀ sùn títí ilẹ̀ fi mọ́ láìdìde lọ wò ó. Kí àwọn ará ilé pín ìṣọ́ òru láàrin ara wọn.

ÒRÒMỌDÌYẸ FÚNRA WỌN NI ÒṢÙWỌ̀N

Kí a dá iná náà ní wákàtí díẹ̀ kí òròmọdìyẹ tó dé, kí ilẹ̀ tí wọn yóò tẹ̀ lè ti móoru. Ẹni tí ó ní òṣùwọ̀n ooru, kí ó gbé e sí ìwọ̀n ẹ̀yìn òròmọdìyẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ó jẹ́ 35. Ní ìkejì, 32. Ní ìkẹta, 29. Ní ìkẹrin, 26. Ní ìkarùn-ún, 23. Lẹ́yìn èyí, bí ìyẹ́ bá ti hù, a lè mú iná kúrò. Ní Òkè-Ògùn, láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ, oòrùn ọ̀sán yóò ti ṣe iṣẹ́ náà. Òru nìkan ni iná yóò wúlò.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, kí ó wo àwọn òròmọdìyẹ. Bí wọ́n bá rọ́ mọ́ iná, tí wọ́n ń ké kíkan-kíkan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìyẹ́ apá, ooru pọ̀ jù. Bí gbogbo wọ́n bá kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan ń sùn, tí ohùn wọ́n sì rọ̀, ooru tó. A máa ń pòwe pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ní òtítọ́, adìyẹ kò ní òógùn rárá, ẹnu ni ó fi ń mí ooru jáde. Nítorí náà, òròmọdìyẹ tí ó la ẹnu ń bẹ̀bẹ̀ ni.

Ọyẹ́ ń gbẹ ara bí ó ti ń gbẹ aṣọ. Kí omi mímọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà níwájú wọn nígbà gbogbo, nínú ohun tí kò jìn, kí wọ́n má baà bọ́ sínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, kí a ká ohun ìbora sókè. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí a tún sọ ọ́ kalẹ̀.

KÍ A MÁ ṢE DI GBOGBO ẸBI RU ÒTÚTÙ

Ìgbà ọyẹ́ náà ni lúkúlúkú máa ń jà, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní àrùn Newcastle. Ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní England àti ní erékùṣù Java. Ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, láàrin oṣù Ọ̀pẹ 1952 àti oṣù Èrèlé 1953, nínú ọyẹ́ gan-an. Òtútù àti eruku ń dín agbára adìyẹ kù, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ni ó ń fà á, iná kò sì lè lé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí èyí tí a ń kán sójú ni ààbò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é. Kí àgbẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran kí ọyẹ́ tó dé, nítorí bí àrùn bá ti wọlé, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Kí àgbẹ̀ tí ó ka èyí rìn yí ilé adìyẹ rẹ̀ ká ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kí ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí ó sì wo ibi tí yóò gbà jáde. Bí ó bá sì rí ìkòkò èédú ní yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn, kí ó kọ́kọ́ gbé e síta, kí ó tó ronú kan adìyẹ rárá. Ọyẹ́ kì í pẹ́ títí. Bí ó ti dé ni yóò lọ. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n kọjá rẹ̀ ni yóò bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti adìyẹ rẹ̀ ní àlàáfíà nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.